Ẹnu Ẹran Ni Ìwé Ìbí Rẹ̀

Ẹni tó ti dàgbà, tó sì tún jókòó kọ́ a, b, d, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ní Alafiarou níbí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní. Mo ń ro oko, mo sì ń sin àgùntàn díẹ̀. Lónìí mo fẹ́ kọ́ yín ní ìwé kan mìíràn. A kì í fi gègé kọ ọ́. Ara ẹran la kọ ọ́ sí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ rèé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń dá àjọ. Bí àjọ bá kàn yín, ẹ ó fi owó náà ra abo àgùntàn tàbí ewúrẹ́ kan. Ẹ ó máa retí pé yóò bímọ, pé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò di owó ilé-ìwé àti owó oògùn. Bí ẹ bá ra ẹran tó ti gbó, tí kò ní bímọ mọ́, owó àjọ ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ra ẹran tó ń ṣàìsàn, ìyẹn burú jù, nítorí yóò kó o ran àwọn tó wà nílé. Ṣé ẹni tó ń tà á ni yóò sọ fún yín? Rárá. Ẹran náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ má fi títóbi mọ ọjọ́ orí. Àgùntàn tiwa níbí kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Niger ga, etí rẹ̀ sì gùn. Ọmọ àgùntàn òkè yẹn tí kò tíì pé ọdún kan lè tóbi ju ìyá àgùntàn tiwa tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran tí kò rí jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò kéré, bó tilẹ̀ ti dàgbà.

Ẹnu ni kí ẹ wò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Fúlàní ló kọ́ mi. Ó di orí ẹran mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi àtàǹpàkò fa ètè ìsàlẹ̀, ó ní kí n kà. Ẹ ó rí i pé kò sí eyín níwájú lókè. Erìgì líle ló wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé eyín ibẹ̀ ti ká. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Nísàlẹ̀ níwájú, eyín mẹ́jọ ló wà. Àwọn la ó kà.

Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá kéré, tí wọ́n sì dọ́gba, eyín ọmọdé ni. Ẹran náà kò tíì pé ọdún kan, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá a díẹ̀.

Bí eyín ńlá méjì bá wà láàárín, ó ti lé ní ọdún kan, ó ń lọ sí méjì.

Bí eyín ńlá bá jẹ́ mẹ́rin, ó tó nǹkan bí ọdún méjì.

Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti di ńlá, ẹnu ti kún. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn èyí, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àlàfo á wà láàárín wọn, àwọn mìíràn á kán, àwọn mìíràn á ká. Àgbà ẹran nìyẹn. Kò ní lè já koríko dáadáa mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí pé kì í ṣe oṣù pàtó ni eyín ń sọ, nítorí ti ẹran kan ń yára ju ti èkejì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹran tí yóò bímọ fún yín pẹ́, ẹ wá èyí tó ní eyín ńlá méjì tàbí mẹ́rin. Oṣù márùn-ún ló ń lóyún.

Eyín kì í ṣe ìwé ìbí gbogbo ẹ̀dá o. Ẹja kan wà nínú odò Niger àti odò Volta tí ń wú bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Eyín rẹ̀ so pọ̀ bí ẹnu ẹyẹ, kì í sì í dẹ́kun híhù. Ìkarawun ìgbín odò tó ń fọ́ jẹ ló ń jẹ́ kí ó máa jẹ. Ní Yúróòpù, àwọn kan ń sin ín nínú àpótí gíláàsì fún ìwòran. Bí wọ́n bá ń fún un ní oúnjẹ rírọ̀ nìkan, eyín á gùn jù, ẹja náà kò ní lè jẹun mọ́. Nítorí náà, eyín rẹ̀ lè sọ ìlera, kò lè sọ ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí ẹja wà nínú òkúta kékeré kan nínú orí rẹ̀, tó ní ìlà roboto bíi ti igi tí a gé. Ẹja gbọ́dọ̀ kú kí a tó kà á. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ẹran tiwa ṣeé kà láàyè.

Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ orí, ẹ wá ka ìlera. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kọ́kọ́ dúró lókèèrè. Ṣé ó wà láàárín àwọn yòókù, àbí ó dá dúró, tó sorí kọ́? Ṣé ó ń jẹ àpọ̀jẹ bó bá dùbúlẹ̀? Ṣé ó ń tiro? Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn. Ihò imú gbọ́dọ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ wóró wóró. Ẹ fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá mú bí ọ̀bẹ, ó ti rù jù. Bó bá jẹ́ abo tó ti bímọ rí, ẹ fọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ le, kò gbọ́dọ̀ ní kókó.

Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá pọ́n, ó dára. Bó bá funfun bíi bébà, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Aràn inú ló sábà máa ń mu ún. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ya àwọ̀ ojú yìí sórí káàdì kan, kí àgbẹ̀ lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹran, kó mọ èyí tó yẹ kó fún ní oògùn aràn.

Obìnrin kan nínú kíláàsì mi ní ewúrẹ́ méje. Ó ra ìkẹjọ lọ́jà ní ìrọ̀lẹ́, ní owó pọ́ọ́kú. Imú ẹran náà ń ṣomi. Ẹni tó tà á ní eruku ọyẹ́ ni. Ó mú un wọlé sáàárín àwọn yòókù. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú gbogbo wọn ń ṣepin, ẹnu wọn dégbò, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Mẹ́fà kú. Owó àjọ ọdún méjì ni. Fún oṣù kan gbáko, a kò rí i ní kíláàsì. Ọjọ́ tó padà dé, ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń kọ iye ẹran àti ọjọ́ sílẹ̀.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, tí ń ṣe ẹran gẹ́gẹ́ báyìí. Ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ní 1942. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ bẹẹrẹ. Kò sí oògùn tó ń pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Abidjan, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àìsàn yìí tán láyé nígbà tí 2030 bá fi máa dé. Ó ṣeé ṣe. Àjàkálẹ̀ tó ń pa màlúù láyé àtijọ́ ti tán pátápátá. Ní 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fún un ní igbá omi tirẹ̀. Èkejì, bí dókítà ẹran bá wá gún abẹ́rẹ́ ní abúlé yín, ẹ kó ẹran yín jáde, ẹ má fi pamọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí ẹran bá bímọ nílé yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Eyín lè sọ ọdún. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ lè sọ ọjọ́. Ẹni tó bá wá ra ẹran lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí ìwé náà fún un, kó kà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á sí i létí.