Ta La Fẹ́ San Owó Ilẹ̀ Fún?

Ẹni tó bá fẹ́ polongo owó orí ilẹ̀ ní Ìgbómìnà, kó tètè mọ̀ pé kì í ṣe iye owó ló ń dá ìjà sílẹ̀. Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wọ agboolé dé agboolé ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, n kò tíì pàdé ẹni tó ní owó náà ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ta la fẹ́ kó o fún.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò lọ́jú pọ̀. Ilẹ̀ tó wà lójú títì, tí owó rẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún, kí ẹni tó ni ín máa san díẹ̀ lórí iye tí ilẹ̀ nìkan tó, ì báà kọ́lé sí i, ì báà má kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lórí ilé tí èèyàn fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́. Kí oko kòkó àti oko iṣu inú igbó má san nǹkan kan. Owó tó bá wọlé, kí a fi ṣe gọ́tà, ọ̀nà àti omi nílùú yìí gan-an. Ọ̀dà tí wọ́n dà sójú ọ̀nà ló sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, onílẹ̀ kò gbé ọkọ́ kan sí i.

Ìyá kan wà tó ń ta ata lẹ́bàá títì. Ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ló fi gbé e ró. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tó lè gba ilé mẹ́rin ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ: kìkì ẹ̀kan, òpó àwọn súfeyọ̀ tí nọ́ńbà ara wọn ti ń pa rẹ́, àti pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe fún títà. Èkó ni onílẹ̀ ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á dé, á gbowó lọ́wọ́ ìyá, á ya pépà lé e lọ́wọ́, ìyá á sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ abọ́ ata. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò san nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ni kí n bá jà? Ẹni tó ni ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè sí àga iwájú bí ìlú bá ń ṣe nǹkan.”

Ibẹ̀ gan-an ni òṣèlú ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn tí yóò san án kò pọ̀, wọ́n mọra wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dé etí ọba àti gómìnà. Àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, àmọ́ ata ni wọ́n ń tà, wọn kò ráyè ìpàdé.

Ní agboolé kan, bàbá àgbà kan fetí sí mi dé òpin. Ó wá ní, “Ìṣákọ́lẹ̀ lo ní kí n máa san lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá mi sí?” Gbogbo ilé dákẹ́. Àlejò tó wá dáko ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Iṣu tàbí owó tó ń gbé wá kọ́ ló jẹ onílẹ̀ lógún, bí kò ṣe pé kí àlejò máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́dọọdún pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Bàbá náà kò kọ owó, ipò àlejò ló kọ̀.

N kò lè bá a jiyàn, torí ìjọba ti sọ onílẹ̀ di àlejò lórí ilẹ̀ rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, wọ́n sì kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà rẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà ní Àríwá tipẹ́. Josiah Wedgwood wà nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1908. Aṣòfin ni, ó sì gba ẹ̀kọ́ Henry George gbọ́, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé ní 1879 pé èrè tí àwùjọ fi kún iye ilẹ̀, àwùjọ ló yẹ kó jẹ ẹ́. Òfin 1910 fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ ìjọba. Èyí tó ní kí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba dé ọ̀dọ̀ wa níkẹyìn. Èyí tó ní kí èrè ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ará ìlú kò dé. Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gba owó ilẹ̀ tirẹ̀ láti 2001, àmọ́ wọ́n pa ilé pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ní 2018, ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode sọ ti ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé di 0.076% iye rẹ̀, ti ilé òwò di 0.76%. Àwọn agbẹjọ́rò Ìkẹjà tú síta, àwọn oníṣòwò fárí gá, kí oṣù Kẹta sì tó parí, ìjọba ti gé ti ilé òwò sí ìdajì. Ní 2020, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú dá ìdá owó náà padà sí bó ṣe wà ṣáájú 2018. Ayálégbé bá onílé pariwo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé orí àwọn ni ẹrù ilé máa ń já sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ilé jáde kúrò nínú owó náà pátápátá.

Ìbéèrè tó le jù lọ, ọ̀dọ́kùnrin kan ló bi mí í. Mo ń ṣàlàyé pé òfin orílẹ̀-èdè fún kánsù láṣẹ láti gba owó lórí ilé, pé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó kánsù máa dé ọwọ́ kánsù tààrà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kánsù wo?” Kánsù Ifẹ́dáyọ̀ wà ní Òkè-Ìlá níbí, gbogbo wa la sì rí i ní 2025 bí ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú APC àti PDP lórí ẹni tó ni kánsù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe mú kí owó kánsù há sókè.

Látìgbà náà, ìwé àkọsílẹ̀ owó la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní agboolé. À ń sọ ẹni tí yóò mú un dání, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àti obìnrin ọjà tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ka owó. A tún fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé sísan án kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kankan. Nípàdé tó kọjá, olórí ẹbí kan bi mí bóyá a ó lẹ iye tó wọlé àti ohun tí a fi ṣe mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí gbogbo ayé kà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i lójú gbogbo ẹbí. Mo fọwọ́ sí i. Ó ká ìwé náà sápò, ó ní kí a máa bọ̀ lẹ́yìn ìkórè.