Ìgò tí mo fọ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo ti fọ ohun tí kò yẹ kí n fọ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá màámi ń gbé, ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo. Tí a bá gba ìsinmi, a máa wọ mọ́tò ní gáréèjì Ìkòròdú, ó di Ẹ̀pẹ́. A ò tíì jókòó tán tí Ìyá Àgbà á ti da àgbo ibà fún wa látinú ìgò ńlá kan. Ó korò ju ewúro lọ!

"Ìyá Àgbà, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Mu ún ná. Tí o bá dàgbà, màá sọ fún ẹ."

Wọ́n kú kí n tó dàgbà. A kó ẹrù wọn wá sí Ìkòròdú. Èmi tí mo fẹ́ ṣe ọmọ dáadáa, mo bu iyanrìn àti omi ọṣẹ sínú ìgò yẹn, mo mì ín títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ ẹ̀ fi tán. Màámi wò ó. Wọ́n kàn ní, "O fọ gbogbo ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi àfi ìgbà tí mo ka nǹkan nípa Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Tipẹ́ làwọn kan ti ń sọ pé gíláàsì òkèèrè làwọn baba wa kàn ń yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti kú, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ Dókítà Abídèmí Babátúndé Babalọlá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tó lé ní 800. Gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: lime pọ̀ níbẹ̀, alumina náà pọ̀. Kò jọ gíláàsì Róòmù, kò jọ ti Lárúbáwá. Ọwọ́ àwọn baba wa ló ti jáde, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ohun tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò ló jẹ́rìí.

Ká ní ọmọ dáadáa kan ti fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Màámi rántí dóńgóyárò àti ewé mángòrò. Wọ́n ní ohun kan ṣì kù, òun gan-an ló ń korò. Ìgò náà wà lórí tábìlì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí, ó ń dán gbinrin, kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá yín léèrè kí ẹ tó bu ọṣẹ.