Ìrọ̀lẹ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́

Nísàlẹ̀ àwọn òkè àpáta tí gbogbo ayé fi mọ Ṣábẹ̀ẹ́, àwa ọ̀dọ́ ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa: ta ni yóò dúró, ta ni a ó yọ? Bàbá kan dá sí i:

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní sùúrù. Ní 2005, àwọn ọ̀dọ́ Bẹ̀nẹ̀ gba ipò kẹta ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dé ìdíje àgbáyé ní Họ́lándì, wọn kò borí ẹnikẹ́ni. Ní 2019, Sessègnon ni balógun ikọ̀ wa tí ó lé Mòrókò kúrò nínú Ife Áfíríkà.”

Ẹnu wa wọhò. A dá orúkọ ọmọ tí ó ṣi bọ́ọ̀lù gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá padà sínú ìwé.