Orúkọ Méjì fún Ọmọ Kan

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ orúkọ ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí àwọn àgbà ní, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọ Mùsùlùmí lè wọlé ní Yésúfù kí ó jáde ní Joseph. Sùlèmánù a di Solomon. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, kí ọmọ lè kàwé láìpàdánù ẹ̀sìn rẹ̀.

Ọdún 1976 ni àwa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ní orúkọ wa ti gùn jù. Ó gé e kúrú, ó sọ ọ́ di ti òyìnbó. Nígbà tí bàbá wa gbọ́, wọn kò bínú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni kí ẹ máa pè é." Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ṣàlàyé ìtumọ̀ orúkọ náà. Láti ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ wa bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní èsì láti fọ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sábà ń yí i padà. Ṣẹ̀rífátù orí wàláà a di Sherry láàárín ẹgbẹ́. Ràṣídì a di Rash. A máa ń tètè dá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ àti fóònù lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéú, ohun tí a rí ni pé àgbà ló sábà ń kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Bàbá tí ó ń pe ọmọ ní Yésúfù nílé, tí ó sọ ọ́ di Joseph níwájú ọ̀gá ibi iṣẹ́, kí ni ó ń kọ́ ọ? Ìyá tí ó ní, "Bí wọ́n bá bèèrè mi, sọ pé n kò sí nílé," tí ó tún ń na ọmọ nítorí irọ́ ńkọ́? Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ìwà dà bí aṣọ, ẹni tí ó ń woni ni à ń wọ̀ ọ́ fún. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá gbé aṣọ tiwọn dé, ìbáà ṣe igbó mímu tàbí Yahoo, ọmọ ti mọ bí a ti ń pààrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ híjáàbù. Àwọn àgbà fa ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù títí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi dájọ́, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó ní ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Ìdájọ́ náà dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè bá wa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Èyí tí ó ń lò ó nítorí pàṣán aláàfáà nìkan, bí ó bá ti yà ní kọ̀rọ̀, yóò ká a sínú báàgì. Èyí tí ìyá rẹ̀ jókòó tì, tí ó gbà á láyè láti bèèrè ohun tí kò yé e, kò nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ẹ wo Lùkúmánù nínú Súrà 31. Ó fi ìfẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ó kìlọ̀ fún un, ó sì sọ ìdí ìkìlọ̀ náà. Súrà 49 sì kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Ọmọ tí a ń pè ní olódo láràárọ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bèèrè ìtumọ̀ orúkọ yín lọ́wọ́ òbí yín lálẹ́ òní. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá èsì sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ rí i lára yín. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí orúkọ rere ro àwọn ọmọ wa. Àmín.