Ọjọ́ Kan ní Gúúsù Ilẹ̀ Faransé

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa, pẹ̀lú tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ ọkọ̀ kúrò ní ìlú Nîmes. Ọ̀rẹ́ wa ni ó wa ọkọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bí ti ilé wa, nítorí náà ní gbogbo oríta ni àwa tí a ti ilé wá ń rán an létí.

A kọ́kọ́ ya Pont du Gard, afárá olókùúta onípele mẹ́ta tí àwọn ará Róòmù kọ́ láti gbé omi lọ sí Nîmes. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 49. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí àwòrán rẹ̀ ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kò pẹ́ níbẹ̀.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, ọgbà àjàrà tán, ilẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Camargue nìyẹn, ilẹ̀ àwọn ẹṣin funfun àti akọ màlúù dúdú. Oko ìrẹsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú! Ìyá àwọn ọmọ wa ní kí ọkọ̀ dúró kí òun lè wò ó dáadáa.

Ní Aigues-Mortes, odi àtijọ́ ṣì yí ìlú náà ká. Ọba Louis kẹsàn-án ni ó kọ́ ilé-ìṣọ́ Constance síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ogun àgbélébùú ní 1248. Kì í ṣe tìtorí ọba ni a ṣe lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, a há 1685 sórí, ọdún tí Louis kẹrìnlá fagi lé òfin Nantes tí ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ náà láàyè láti jọ́sìn. A kọ ọ́ nínú ìdánwò, a sì gba máàkì wa. Ọdún náà kò ní ojú lára wa títí a fi gun àtẹ̀gùn ilé-ìṣọ́ yìí.

Yàrá róbótó ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí mítà 6. Ibẹ̀ ni wọ́n há àwọn obìnrin Pùròtẹ́sítáǹtì mọ́. Ní 1730 ni wọ́n mú Marie Durand wá, ọmọge tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé Pierre, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ oníwàásù. Wọ́n so Pierre kọ́ ní Montpellier ní 1732. Ní ti Marie, 1768 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 38.

Ohun tí ó ká wa lára jù ni pé ilẹ̀kùn náà kò ṣòro í ṣí. Bí obìnrin kan bá lè sọ pé òun ti fi ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀, òun ti padà sínú Ìjọ Àgùdà, ọ̀nà ilé ṣí fún un. (Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà ha àwọn Àgùdà mọ́ ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò mọ́.) Àwọn kan sọ ọ́, a kò sì ní jókòó lórí àga tìmùtìmù kí a máa bá wọn wí. Marie kò sọ ọ́. Lẹ́tà ni ó ń kọ, tí ó fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Létí ihò kan tí ó wà láàárín yàrá náà, ẹnìkan gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára òkúta: REGISTER. Wọ́n ní Marie ni. “Résister” ni ó fẹ́ kọ, èyíinì ni pé kí a má ṣe juwọ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ìbá fi gègé pupa fà á.

A dé etí òkun ní Saintes-Maries-de-la-Mer, níbi tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn bí ilé ológun nítorí àwọn ajínigbé orí omi. A jẹ ẹja níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a dìde, ìyá àwọn ọmọ wa bi wá léèrè pé, “Bàbá àwọn ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?”

Àìmọye ìgbà ni a ti wàásù lórí ìdúróṣinṣin láti ìgbà tí a ti gba oyè àlùfáà. A sọ fún un pé a kò mọ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa tan iná ọkọ̀, a sì gba ọ̀nà Nîmes padà.