Ọ̀nà Tí A Ti Ń Gbọ́ Ohùn Ara Wa

Bàbá mi kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára ènìyàn kí wọ́n má kí i. Tíṣà ni wọ́n. Òkèmẹ̀sí là ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni sì wà lọ́nà Ìdó-Ilé, láàárín àwọn òkè Èkìtì tó sún mọ́ra bí ìyá àtàwọn ọmọ tó yí iná ká. Kí ìrì tó kúrò lórí koríko, wọ́n á ti gbé kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn dúdú jáde, wọ́n á fi àkísà nu ìjókòó rẹ̀, wọ́n á so àpò ìwé mọ́ kárííà. Lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn sí mi, wọ́n á gbé mi ka orí irin àárín. Orí irin yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" sí ẹni tó ń kọ ebè. "Ẹ kú ẹrù o!" sí ìyá tó ru igi. Kí ẹni náà tó gbójú sókè, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n ìdáhùn á tẹ̀ lé wa lẹ́yìn: "Òo, tíṣà! Ẹ kú ìrìn o! Ilé ńkọ́?" Bàbá mi á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn, ohùn wọn á sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè.

Bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa ti kẹ̀kẹ́ náà. Wọn kì í dúró dìgbà tí èémí bá tán kí wọ́n tó sọ̀, wọn kò sì rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ibi tí a ti ń ti kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ igi àti orúkọ ẹyẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi nípa ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní 1877, tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ kò wáyé títí di 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886. Fábùnmi, akọni Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn tó léwájú nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìró àwọn ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ: ó dún kírìjí, òkè kan gbà á, òkè kejì dá a padà. Èmi a sì pariwo "kírìjí!" láti fi dán òkè wò.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fọ kẹ̀kẹ́ náà. Àmì irin kékeré kan wà níwájú rẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀, tí orí ẹyẹ kan wà lára rẹ̀. Nottingham, England ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ ìlú òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo dá kà nìyẹn, kí n tó mọ Lọ́ńdọ̀nù kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá gbé mi dé Nottingham. Ohun tí mo kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ ìsinmi mi ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Kò sí mọ́. Ní 2002 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe kẹ̀kẹ́ nílùú náà, yunifásítì ìlú sì ti kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo ń wo àwọn ọmọ tó ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀, ó sì ṣe mí bí ẹni tó débi ìsìnkú lẹ́yìn tí àwọn èrò ti túká.

Mo ra àlòkù kẹ̀kẹ́ kan, mo sì gbìyànjú rẹ̀ ní ìgboro. Ẹ̀rù bà mí. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi, tírélà ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lójú, n kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọdún mélòó kan ni mo sì ti gbé ní òpópónà kan náà tí mi ò mọ orúkọ ẹni tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé ọ̀nà kan wà ní Derbyshire, láàárín àwọn òkè Peak District, tí ọkọ̀ kankan kì í gbà. Monsal Trail ni wọ́n ń pè é.

Rélùwéè ni ọ̀nà yìí nígbà kan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Manchester ń gba ibẹ̀ kọjá, títí wọ́n fi tì í pa ní 1968. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè bí ewúrẹ́, nítorí náà, níbi tí òkè bá ti dí ọ̀nà, wọ́n lu òkè náà já. Níbi tí àfonífojì bá sì wà, wọ́n ta afárá lé e. Ìdí rẹ̀ nìyí tí o fi lè gun kẹ̀kẹ́ máìlì 8 àti ààbọ̀ láàárín àwọn òkè tó ga gan-an tí orúnkún rẹ kò ní ké. Afárá Headstone ló wù mí jù níbẹ̀. Odò Wye ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, àgùntàn ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ògiri òkúta tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì mọ ń la pápá kọjá. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Ruskin bínú gidi nígbà tí rélùwéè dé ibẹ̀, ó ní wọ́n ti ba àfonífojì náà jẹ́. Afárá yẹn kan náà ni àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò báyìí. Mo rò pé ariwo ló bí Ruskin nínú ju òkúta lọ.

Ọ̀nà náà tún kọjá lẹ́bàá ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́ méjì, Cressbrook àti Litton. Àwọn ọmọ tí kò ní òbí ni wọ́n kó wá síbẹ̀ láyé ọjọ́un láti máa ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, ìyà Litton sì burú débi pé ìtàn rẹ̀ kò pa rẹ́ títí dòní. N kì í lè kọjá níbẹ̀ láìdá ẹsẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n inú àwọn ihò abẹ́ òkè ni ọkàn mi ti yí padà. Ihò ńlá mẹ́rin ni, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tó nǹkan bíi mítà 400. Wọ́n tì wọ́n pa fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ewu, ní 2011 ni wọ́n ṣí wọn fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Òtútù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Iná wà lára ògiri, omi ń kán tó, tó, tó. Mo lu agogo kẹ̀kẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan, òkè dá a padà fún mi. Ọmọdékùnrin kan tó wà níwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó pariwo, òkè tún dá tirẹ̀ padà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti pariwo kírìjí sí òkè kẹ́yìn. Mo tún pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo jáde sínú oòrùn, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń rìn bọ̀ kí mi. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e kí mi. Oníkẹ̀kẹ́ méjì kí mi. Gbogbo ẹni tí mo pàdé láàárọ̀ yẹn ló la ẹnu kí mi, àwọn òyìnbó tí mo ti pinnu nínú ara mi pé wọn kò mọ ìkíni. Mo ti ṣì wọ́n dá lẹ́jọ́. Inú mọ́tò ni mo ti ń rí wọn, inú mọ́tò ni àwọn náà ti ń rí mi. Ìkíni ní ìwọ̀n ìyára tirẹ̀. Ẹni tó bá sáré jù ú lọ, bó ti wù kí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dára tó, kò ní lè kí ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ yára ju ẹsẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò tíì yára kọjá "ẹ kú ìrìn o."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jí lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, tí ojú ọjọ́ sì dára, òkè ni mò ń lọ. Mo ti gun High Peak Trail pẹ̀lú, tí wọ́n ṣí gẹ́gẹ́ bí rélùwéè ní nǹkan bíi 1831. Òkè Hopton wà lórí rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 14 tí o bá lọ síwájú, o ti gòkè ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo tì í, bí bàbá mi.

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún Kérésì tó kọjá, mo yá kẹ̀kẹ́, mo mú ọ̀nà oko kòkó. Rélùwéè kò dé Èkìtì rí, a kò ní ojú irin àtijọ́ tí a lè sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà oko la ní. Àwọn ẹbí ní kí n má lọ jìnnà nítorí ajínigbé, mo sì gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ó dùn mí wọ egungun pé ọ̀nà tí wọ́n ti gbé mi ka orí irin kẹ̀kẹ́ ti di ibi tí àgbàlagbà ń bẹ̀rù. Ìwọ̀nba tí mo lọ, ọ̀kadà mẹ́ta ló kọjá lára mi, kò sí èyí tó kí mi. Ìyá kan tó ń lọ sóko ló gbọ́ agogo mi. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó dáhùn, ó béèrè ará ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó bi mí léèrè pé ọmọ ta ni mí.

Raleigh bàbá mi ṣì wà lókè àjà. Ìpẹtà ti mú ṣéènì rẹ̀, táyà rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n agogo rẹ̀ ń dún. Àwọn tó ń ra àjákù irin ti wá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò mi kò sì tà á. Bí kẹ̀kẹ́ bàbá yín bá ṣì wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta tiyín náà. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi epo sí ṣéènì rẹ̀, kí ẹ sì gùn ún dé ibi tí ẹ bá lè dé láàárọ̀.