Bókísì Bàámi Bọ́ Aṣọ, Ó Wọ Awọ

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ inú DM mi wá béèrè ohun tá a fi kun bókísì sípíkà wa tó fi rí gbágungbàgun wẹ́wẹ́ bí awọ ọ̀nì yẹn, mo ti rí yín o. Òní ni mo ráyè. Ọ̀rọ̀ náà máa gùn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà nìkan. Ọ̀rọ̀ bàámi wà nínú ẹ̀.

Ìbàdàn là ń gbé. Sáùǹdù ni bàámi fi ń ṣe háyà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, ìsọjí, títí kan ìpolongo ìbò tí àsìkò ẹ̀ bá dé. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan bókísì wọn. Wọ́n ra pákó ní Bódìjà, wọ́n lọ ra sípíkà ní Aláàbà, wọ́n wá fi rọ́ọ̀gì dúdú bo gbogbo ẹ̀. Mẹ́rin ni: béèsì méjì tó gba sípíkà ínǹṣì 18, àti méjì tó ń jókòó sórí wọn. Lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn, bókísì tí kò bá wọ rọ́ọ̀gì, ìhòòhò ló wà.

Mi ò wá bú rọ́ọ̀gì o. Rọ́ọ̀gì láàánú. Ó máa ń bo orí ìṣó, ó máa ń bo ibi tí pákó méjì ò ti pàdé dáadáa, tí àwọn ọmọ tó ń gbẹ́rù bá sì fi bókísì ha ara ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Gọ́ọ̀mù àti sísọ́ọ̀sì lásán ló gbà. Àmọ́ ó máa ń mu omi. Ìta lòde Yorùbá máa ń wà, abẹ́ kánópì, ilẹ̀ tútù, bíà dà sílẹ̀ lọ́tùn-ún, omi ẹran dà sílẹ̀ lósì. Rọ́ọ̀gì tó wà nídìí bókísì á máa fa gbogbo ẹ̀ mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Tó bá dọjọ́ kejì, ẹ máa fọwọ́ kàn án, ẹ máa rò pé ó ti gbẹ, pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣì tutù. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ eruku. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ aáyán.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú béèsì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùn-ùn yùn-ùn nígbàkigbà tí ìlù bá ti wọlẹ̀. Gbogbo wa rò pé sípíkà ló ya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye tí sípíkà ínǹṣì 18 ń jẹ́ báyìí á mọ irú oorun tá a sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó ilé ìwé àbúrò mi ní poly, inú sáùǹdù yìí náà ló ti ń jáde. Ẹ̀yìn sì ń dun bàámi, wọn ò lè gbẹ́rù mọ́, èmi ni mò ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ sóde. (Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mò ń so wáyà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.)

Mo tú sípíkà yẹn síta. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìdí bókísì ni. Píláíwúùdù, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, abala pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ léra, tí ojú igi ọ̀kan á dábùú ti èkejì kó lè lágbára. Tí omi bá ti wọ ojú etí tí wọ́n gé, gọ́ọ̀mù yẹn á jẹ́, abala náà á sì máa yà kúrò lára ara wọn bí ojú ewé ìwé tó bọ́ sínú omi. Afẹ́fẹ́ ti ń gba ibẹ̀ jáde, òun ló ń kùn. Tí wọ́n bá tiẹ̀ lo MDF ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí tipẹ́, torí ìyẹn á wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì bọnú tíì.

Mo ní, "Bàámi, ká ká rọ́ọ̀gì yìí kúrò lára gbogbo wọn, ká kùn wọ́n lọ́dà."

Wọ́n wò mí bíi pé mo ní ká bọ́ ṣòkòtò nídìí wọn. "Àjọkẹ́, rọ́ọ̀gì yẹn ló ń jẹ́ kí béèsì ó wọni láyà."

Ohun tó ń jẹ́ kí béèsì wọni láyà ni pákó tó nípọn, igi àgbékọ́ tí wọ́n kàn sínú ẹ̀ kí ògiri ẹ̀ má baà gbọ̀n, àti bókísì tí kò jò. Rọ́ọ̀gì ìta ò sí níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ n parọ́, mi ò fẹnu sọ ọ́ fún bàámi báyẹn. Mo kàn fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ bókísì tó dára, mo kan ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹrà, mo wá dákẹ́. Káfíńtà ni bàámi kí wọ́n tó di oní-sáùǹdù. Wọ́n gbọ́ ohun tí pákó sọ.

Kí n tó náwó, mo kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù pákó. Textcoat tí wọ́n fi ń kun ara ilé ni àkọ́kọ́, torí ó wà káàkiri, ó sì rọjú. Ó lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ògiri tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n ṣe é fún. Mo jù ú sílẹ̀ láti orí ọkọ̀, igun ẹ̀ sán. Èkejì ni gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí wọ́n po ìyẹ̀fun pákó àti ọ̀dà dúdú mọ́. Ó rẹwà o! Mo rì í sínú bésìn omi mọ́jú, nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fọ́n sábẹ́ mọ́tò kó má dípẹtà. Ìyẹn ò bẹ̀rù omi, àmọ́ tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ wo aṣọ léèsì ìyàwó tó bá fara kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, polyurea ni wọ́n ń lò. Kẹ́míkà méjì ni, ó máa ń gbóná, ẹ̀rọ ló ń fọ́n ọn jáde pẹ̀lú agbára, kò sì pẹ́ tó fi ń gbẹ. Ó le bí òkúta, àmọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ ju agbára wa lọ, èéfín ẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí mo wá lò ni ọ̀dà oníomi tí wọ́n dìídì ṣe fún bókísì sípíkà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí èèyàn lè fi rólà kùn. Owó tí mo ń kó jọ fún fóònù ló lọ síbẹ̀. Ẹ má béèrè iye ẹ̀, ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni.

Ó yá, iṣẹ́. Kíkùn kọ́ ni iṣẹ́, ohun tó ṣáájú kíkùn ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ká rọ́ọ̀gì, tá a fi ń ha gọ́ọ̀mù tó ti le kúrò. Bàámi fúnra wọn pààrọ̀ pákó ìdí méjèèjì, wọ́n jókòó lórí àga, àwọn ọmọ ń gbé e fún wọn. Orí ìṣó àti gbogbo ihò, bọ́dì fílà tí àwọn pánẹ́bítà ń lò ni mo fi dí wọn, mo fi sáńpépà 80 ha á, mo wá fi 120 tẹ̀ lé e. Gbogbo etí tó mú ni mo ha dòbírípo. Ẹ fọkàn sí èyí: ọ̀dà kì í dúró lórí etí tó mú, á sá kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa kọ́kọ́ ṣí. Mo lẹ téèpù mọ́ ojú ibi tí sípíkà ń jókòó sí, àti ihò ìdìmú, torí tí ọ̀dà bá ga síbẹ̀, sípíkà ò ní jókòó gún, afẹ́fẹ́ á tún wá ọ̀nà jò.

Rólà méjì lẹ máa lò. Fómù lásán lẹ máa fi tẹ́ ọ̀dà náà kó kárí, kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, rólà kejì, èyí tó rí bíi kànìnkànìn oníhò ńláńlá, lẹ máa fi yí gorí ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, láìtẹ̀ ẹ́, níhà kan ṣoṣo. Bí rólà yẹn ṣe ń fà kúrò ló ń fa ọ̀dà dìde, òun ló ń di kókó wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ẹ má padà sí ibi tó ti ń gbẹ, ì báà ṣe pé ẹ rí àléébù níbẹ̀; ọ̀dà kejì máa bò ó. Àárọ̀ kùtù la kùn tiwa, kí oòrùn tó mú, ní oṣù Kẹwàá. Lásìkò ọyẹ́, eruku á ti bá yín kùn ún kẹ́ ẹ tó gbé rólà.

Kókó yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ọ̀dà tó bá ń dán, ìlà kan ṣoṣo lára ẹ̀, gbogbo ayé á rí i. Èyí tó ní kókó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ojú ò ní rí ibi tó ti ha.

Monday la kùn ún lẹ́ẹ̀kínní, Tuesday lẹ́ẹ̀kejì. Ní Wednesday, iṣẹ́ já lù wá: ìsìnkú, Saturday, owó gidi. Bàámi fọwọ́ kan bókísì, wọ́n ní ó ti gbẹ. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń gba èékánná. Ọ̀dà oníomi báyìí, ojú ẹ̀ máa ń gbẹ tipẹ́ kí inú ẹ̀ tó le. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì báyẹn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa yà wọ́n, awọ á ti bọ́.

"Àjọkẹ́, owó ló ń lọ yẹn."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn, a fi bókísì oníbókísì ṣòde ọjọ́ Saturday. Lẹ́yìn tá a sanwó fún un tán, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ ló ṣẹ́ kù. Fún ọjọ́ méjì, "ẹ káàárọ̀ sà" àti "hẹn" nìkan ló wà láàárín èmi àti bàámi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a wà lóde kan ní Àpáta, òjò dé láìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkúukùu kankan. Kánópì ò bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo pa áńpù, mo da nylon bo iwájú sípíkà, mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó dá, bàámi tó wá kí wọn lóde náà dìde, wọ́n yọ áńkáṣíìfù, wọ́n nu ẹ̀gbẹ́ béèsì kan. Omi yẹn ń yọ̀ kúrò lára ẹ̀ bí omi ara ewé kókò. Wọ́n nu ìkejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀, ti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ó ṣẹ́ kù nínú kéèkì yẹn?"

Ó ṣẹ́ kù. Wọ́n ti fi kun àpótí tí áńpù ń jókòó sí, wọ́n sì ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn yẹn pé rọ́ọ̀gì ò dáa.

Ìṣòro kan ló kù. Tẹ́lẹ̀, rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń so mọ́ ìdìmú ká lè mọ èyí tó jẹ́ ọ̀tún àti òsì. Báyìí wọ́n fẹ́ nọ́ńbà. Ṣọ́ọ̀kì ò mú lórí kókó yẹn, kò pẹ́ tó fi ń nù. Wọ́n gé páálí, wọ́n fọ́n ọ̀dà funfun gba inú ẹ̀, 1 dé 4. Èyí tó jẹ́ 3 wọ́ díẹ̀. Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ má fi 3 yẹn rẹ́rìn-ín nínú kọ́mẹ́ǹtì o, bàámi ti wà lórí app yìí báyìí.